Ta Ló Ni Ẹ̀rọ Tí A Kò Lè Tú?

Ẹ̀rọ tí ẹ rà, tí ẹ san owó rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè tú láì fọ́ ọ, kì í ṣe tiyín. Àyálò ni. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe é ṣì ni ín. Wọ́n kàn gbà yín láyè láti máa gbé e káàkiri títí bátìrì inú rẹ̀ yóò fi kú ni. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dún létí àwọn kan bí àsọdùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi so apá kan ẹ̀rọ mọ́ èkejì, yálà sùkúrù ni, tàbí eyín ike tó há mọ́ra, tàbí òjé yíyọ́, tàbí gọ́ọ̀mù, ẹ ó sì rí i pé ibẹ̀ ni wọ́n ti pinnu ẹni tí yóò máa jẹ́ olówó ẹ̀rọ náà lẹ́yìn ọdún méjì. Nínú gbogbo àríyànjiyàn tí à ń ṣe nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, láti Dakar títí dé Kano, n kò tíì gbọ́ kí mínísítà kan bèèrè ohun tí wọ́n fi lẹ fóònù pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí fáànù oníbátìrì, èyí tó ti di ará ilé wa láti ìgbà tí iná ìjọba ti ń ṣe bó ṣe wù ú. Ẹ̀rọ kékeré ni, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ló pàdé nínú rẹ̀: abẹ́ àti ohun tó ń yí i, iná mànàmáná tó ti inú bátìrì wá, àti bọ́ọ̀dù pẹlẹbẹ tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ rìmóòtù. Ẹ̀rọ tó da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ báyìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní mechatronics. Ẹ̀rọ ìfọṣọ wà lára rẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà lára rẹ̀, dírónù àti ẹ̀rọ tó ń fún aláìsàn ní atẹ́gùn náà kò gbẹ́yìn. Fáànù tí mo ń sọ yìí, sùkúrù tí orí rẹ̀ dà bí àgbélébùú, èyí tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè ní star, ni wọ́n sábà máa ń fi dè é. Bí bátìrì rẹ̀ bá kú, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ní Alaba lè tú u, kó fi òmíràn sí i, kó sì dè é padà kí ẹ tó mu omi tútù tán. Ìdí nìyí tí fáànù ọlọ́dún márùn-ún fi ṣì ń fẹ́ nínú ilé wa. Kì í ṣe pé ó lágbára ju fóònù lọ. Ó kàn ṣeé ṣí ni.

Ẹ wá wo ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nínú rẹ̀, ike ńlá kan wà tó ń gba omi, agolo irin sì ń yí nínú ike náà. Látijọ́, ìdajì méjì ni ike ọ̀hún, bọ́ọ̀tì ni wọ́n sì fi ń dè wọ́n pọ̀. Bẹ́rìn tí agolo ń yí lórí rẹ̀ wà lára ohun tó máa ń tètè bàjẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ní òde òní, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ti ń fi ooru jó ìdajì méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan ṣoṣo. Bẹ́rìn kékeré bàjẹ́, odidi ike àti agolo ni wọ́n ní kí ẹ rà, owó rẹ̀ sì máa ń sún mọ́ owó ẹ̀rọ tuntun. Mo ti rí oníṣẹ́ kan ní Cotonou tó fi ayùn irin gé irú ike bẹ́ẹ̀ sí méjì, tó pààrọ̀ bẹ́rìn, tó wá lu ihò yí etí ike náà ká, tó fi bọ́ọ̀tì àti nọ́ọ̀tì dè é, tó sì fi sílíkónì dí ojú rẹ̀ kí omi má baà jò. Ọ̀sán ọjọ́ kan péré ló fi ṣe iṣẹ́ tí ìwé ilé-iṣẹ́ sọ pé kò ṣeé ṣe. Ìran tó ń fi okùn rán igbá tó bá là kò lè ṣàì mọ irú iṣẹ́ yìí. Síbẹ̀, kí ló dé tí ó fi ní láti fi ayùn gé ohun tí bọ́ọ̀tì mẹ́wàá ì bá ti ṣí?

Ti fóònù ló wá burú jù. Nokia 3310 tó jáde ní ọdún 2000, èékánná lẹ fi ń ṣí ẹ̀yìn rẹ̀. Eyín ike ló há ìdérí mọ́ ara, bátìrì kàn jókòó sínú ilé rẹ̀ ni. Fóònù òde òní, gíláàsì ni ẹ̀yìn rẹ̀, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ gíláàsì mọ́ irin, gọ́ọ̀mù mìíràn ni wọ́n fi lẹ bátìrì mọ́ ikùn rẹ̀. Kí oníṣẹ́ ní Farm Centre ní Kano tàbí Computer Village ní Ikeja tó lè dé ibi bátìrì, ó ní láti fi ooru rọ gọ́ọ̀mù, kó máa fi abẹ́ pẹlẹbẹ wá ọ̀nà díẹ̀díẹ̀. Bí abẹ́ bá gún bátìrì lithium, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀. Nítorí bátìrì tó ti rẹ̀, ènìyàn ń fi ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wewu, kì í ṣe nítorí pé iṣẹ́ náà le, bí kò ṣe nítorí pé ẹnìkan ní ọ́fíìsì kan lókè òkun yan gọ́ọ̀mù dípò sùkúrù mẹ́rin.

N kò ní purọ́ mọ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ. Wọ́n ní ìdí tiwọn. Gọ́ọ̀mù fúyẹ́, kì í gba àyè, ó máa ń pín ẹrù kárí gbogbo ojú tó lẹ̀, ó sì ń so gíláàsì mọ́ irin láìsí ihò tí yóò dá gíláàsì lágara. Sùkúrù kọ̀ọ̀kan ń gba àkókò lórí ìlà ìtòpọ̀, àkókò sì ni owó. Láti nǹkan bí ọdún 1980 ni Geoffrey Boothroyd àti Peter Dewhurst ti ń kọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n dín iye ẹ̀yà kù, kí wọ́n sì sá fún sùkúrù bí wọ́n bá lè ṣe é, kí ìtòpọ̀ lè yá. Ẹ̀kọ́ tó dára ni. Àbájáde rẹ̀ tó gbajúmọ̀ ni Proprinter, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí IBM gbé jáde ní 1985. Wọ́n ṣe é kí róbọ́ọ̀tì lè máa tò ó, kò sì sí sùkúrù nínú rẹ̀, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ló ń há mọ́ ara wọn. Ìtòpọ̀ rẹ̀ wá rọrùn débi pé ènìyàn lè fi ọwọ́ lásán tò ó láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé róbọ́ọ̀tì kò wúlò mọ́. Ohun tí ọwọ́ lásán lè tò, ọwọ́ lásán lè tú u. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé ìtòpọ̀ kíákíá àti títú wẹ́rẹ́ kò lè gbé inú ilé kan náà, ẹ dárúkọ Proprinter fún un.

Wọ́n á tún sọ pé nítorí omi ni. Bí a kò bá lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n ní, omi á wọlé. Ní ọdún 2014, Samsung ta Galaxy S5. Ẹ fi èékánná ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ yọ bátìrì, ẹ fi òmíràn sí i, ẹ dé e padà. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìdérí náà ká ni ó ń dá omi dúró, ìwọ̀n ìdáàbòbò rẹ̀ sì jẹ́ IP67, èyí tó túmọ̀ sí pé ó lè wà lábẹ́ omi tó tó mítà kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n mú S6 jáde pẹ̀lú bátìrì tí wọ́n dè mọ́nú, S6 yẹn kò sì ní irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀. Ẹ ròyìn ẹ̀rí yìí fún ẹni tó bá tún sọ̀rọ̀ omi. Aago tí àwọn òmùwẹ̀ ń wọ̀ sísàlẹ̀ òkun, rọ́bà àti ìdérí tó ṣeé ṣí ló ń dáàbò bo ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Sùkúrù fúnra rẹ̀ pàápàá, wọ́n ti sọ ọ́ di kọ́kọ́rọ́. Ní 2009, Apple bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùkúrù kan tí orí rẹ̀ dà bí òdòdó elétí márùn-ún de bátìrì MacBook Pro, kò sì pẹ́ tó fi dé orí iPhone 4. Star yín kò lè mú un. Ó dára, láàárín oṣù díẹ̀ àwọn ará Ṣáínà ti ń ta irinṣẹ́ tó bá a mu, ó sì ti kún Ikeja báyìí. Ṣùgbọ́n kí ni iṣẹ́ orí sùkúrù yẹn? Kò fi nǹkan kan kún agbára ìdè rẹ̀ tí àwọn orí mìíràn tó ti wà lọ́jà kò lè fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ fún yín pé ẹ má wọlé. Àwọn ilé-iṣẹ́ sì ti ní ìdè mìíràn tí kò ní irin rárá: wọ́n á kọ nọ́ńbà ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sínú kọ̀ǹpútà ẹ̀rọ náà, tó jẹ́ pé bí ẹ bá fi ojúlówó ẹ̀yà láti inú fóònù mìíràn sí i, fóònù yóò kọ̀ ọ́ bí ara tó kọ ẹ̀jẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà ti ṣòfin lòdì sí ìwà yìí ní 2024. Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ níhìn-ín?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ní 2024 kan náà, Apple fi gọ́ọ̀mù tuntun sábẹ́ bátìrì àwọn kan nínú iPhone 16. Ẹ fi iná bátìrì kékeré 9-volt kàn án fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àtààbọ̀, gọ́ọ̀mù náà á sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀, bátìrì á jáde láìsí ooru, láìsí abẹ́. Ó yà mí lẹ́nu, ó sì wù mí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tí ọgbọ́n yìí dé: lẹ́yìn tí Yúróòpù ti ṣòfin bátìrì ní 2023. Láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 2027, òfin náà ní ẹni tó ra ẹ̀rọ kékeré gbọ́dọ̀ lè yọ bátìrì rẹ̀ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ lọ́jà. Bó bá nílò irinṣẹ́ àkànṣe, ọ̀fẹ́ ni kí wọ́n fún un. Kò gbọdọ̀ nílò ooru tàbí kẹ́míkà. Òfin náà ní àyàfi, pàápàá fún fóònù tí bátìrì rẹ̀ bá lálòpẹ́ tí omi kò sì lè wọ̀ ọ́, n kò sì sọ pé mímọ́ ni Yúróòpù. Ohun tí mò ń sọ ni pé nígbà tí òfin dé, ọgbọ́n dé.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òfin kan ní Yúróòpù yóò yí ìsopọ̀ padà ní Kano. Títí di ọdún 2006, tánńganran àti òjé ni wọ́n ń yọ́ pọ̀ láti fi so àwọn ẹ̀yà kéékèèké mọ́ bọ́ọ̀dù. Àdàlù yẹn máa ń yọ́ nígbà tí ooru bá dé 183 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún náà, Yúróòpù fòfin de òjé nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, àwọn ilé-iṣẹ́ sì gba tánńganran tí fàdákà àti bàbà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, èyí tí kì í yọ́ títí ooru yóò fi tó nǹkan bí 217. Kò sí aṣòfin kan ní Abuja, Accra tàbí Abidjan tó dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀, gbogbo oníṣẹ́ wa ló ní láti gbé ooru irin ìjóòjé rẹ̀ sókè, tó sì tún kọ́ ọwọ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tuntun. Nígbà náà, òjé kíkúrò ṣe wá ní àǹfààní. Lọ́tẹ̀ yìí ńkọ́? Bí Yúróòpù bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀rọ tí kò ṣeé ṣí, níbo ni ẹ rò pé ilé-iṣẹ́ tó ṣì ní mẹ́rìndínlógún irú rẹ̀ lórí ìlà ìtòpọ̀ yóò tà á sí? Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Àwọn ìjọba wa, ṣe ni wọ́n ń gé rìbọ́nnì. Wọ́n á ní ilé-iṣẹ́ ìtòpọ̀ dé, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní a ti di aṣẹ̀rọ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀: wọ́n ń fi ìdérí há mọ́ ara ohun tí wọ́n ti jó, tí wọ́n ti lẹ̀, tí wọ́n ti dán wò níbòmíràn. N kò kẹ́gàn ìtòpọ̀ o. Nígbà tí Peugeot Automobile Nigeria bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ 504 ní Kaduna ní 1975, ẹ̀yà láti Faransé ni wọ́n ń tò. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀tì ló kún inú ọkọ̀ náà, ohun tí bọ́ọ̀tì sì so, ẹni tó ní sípánà lè kà á bí ìwé. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì láti Lomé dé Agadez fi mọ inú 504 bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, tí àwọn oníṣẹ́ Suame Magazine ní Kumasi sì fi lè rọ ẹ̀yà tí Faransé kò fi ránṣẹ́. Ìmọ̀ náà jáde láti inú ilé-iṣẹ́ bọ́ sígboro nítorí pé ìsopọ̀ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìmọ̀ wo ni yóò jáde láti inú ilé-iṣẹ́ tó ń fi gọ́ọ̀mù pa ẹnu fóònù mọ́?

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìjọba wa kò ní irinṣẹ́ láti wo ìsopọ̀. Wọ́n ní in. Ètò ọkọ̀ tí Nàìjíríà ṣe ní 2013 fi owó ibodè gọbọi lé ọkọ̀ tí wọ́n ti tò tán, ó sì jẹ́ kí èyí tí ẹ̀yà rẹ̀ tú sílẹ̀ pátápátá wọlé láìsan owó náà. Aṣọ́bodè wa ti ń ka ìsopọ̀, ó ń gba owó lórí rẹ̀. Ohun tí kò tíì bèèrè ni bóyá a lè tú u padà.

Bí ẹnìkan bá ń rò pé ọ̀rọ̀ fóònù àti aṣọ fífọ̀ lásán nìyí, kó tẹ̀ lé mi dé ilé ìwòsàn kan ní Kwara tí n kò ní dárúkọ. Ẹ̀rọ atẹ́gùn méjì ni wọ́n fi ta wọ́n lọ́rẹ. Irú ẹ̀rọ yìí ń fa atẹ́gùn inú yàrá, ó ń tì í gba inú agolo méjì tó kún fún hóró zeolite. Zeolite á gba náítírójìn mú, ọ́síjìn á kọjá sí imú aláìsàn, fáàfù kan á sì máa yí ọ̀nà padà láti agolo kan sí èkejì ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Eruku àti ọ̀rinrin wa kì í bá a ṣeré. Èkínní, star ni mo fi ṣí i. Asẹ́ rẹ̀ ti dí, rọ́bà inú ẹ̀rọ ìtìjì rẹ̀ ti jẹ. A pààrọ̀ wọn, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé lọ́jọ́ kejì. Èkejì, sùkúrù olórí ìkọ̀kọ̀ ni wọ́n fi dè é, eyín ike rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó ń wọlé tí kì í jáde. Nígbà tí a máa fi ṣí i, eyín mẹ́ta ti kán, ìdérí kò sì le dé mọ́ dáadáa láti gbé ariwo àti eruku dúró. Mátírọ̀nù wò mí, ó ní, "Ẹ má dààmú ara yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ náà dára, àwọn tó ṣe é ni kò fẹ́ ká rí inú rẹ̀." Abẹ́ àtẹ̀gùn ni wọ́n gbé e sí, wọ́n fi aṣọ bò ó.

Ẹ̀rọ méjèèjì yìí, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, agolo kan náà, fáàfù kan náà. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju bí wọ́n ṣe ti ìdérí wọn lọ.

Nítorí náà, àjọ SON ní Nàìjíríà, Ghana Standards Authority, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní orílẹ̀-èdè 10 tó kù nínú ECOWAS gbọ́dọ̀ jọ kọ òfin kan. Kí Mali, Burkina Faso àti Niger tó jáde ní 2025 náà bá wọn kọ ọ́, nítorí fóònù kan náà là ń rà. Kí ẹ̀rọ oníbátìrì kankan má ṣe wọlé bí irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ kò bá lè yọ bátìrì rẹ̀ láìsí ooru àti kẹ́míkà. Kí ilé-iṣẹ́ tó bá gba ìdáríjì owó ibodè nítorí ìtòpọ̀ fi ìwé ìlànà ìtòpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga oníṣẹ́-ọwọ́ wa, nítorí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe tò ó á mọ bí a ṣe ń tú u. Kí wọ́n má sì gba ẹ̀bùn ẹ̀rọ ìwòsàn tí kò bá ní ìwé bẹ́ẹ̀ àti sípánà tirẹ̀ nínú àpótí.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gba yàrá ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Kí wọ́n mú oníṣẹ́ kan láti Computer Village wá sí Apapa, òmíràn láti Accra lọ sí Tema. Kí wọ́n yọ ẹ̀rọ kan láti inú kọ̀ǹtẹ́nà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gbé e fún un pẹ̀lú àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Bí kò bá lè yọ bátìrì náà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láì fọ́ ohunkóhun, kí kọ̀ǹtẹ́nà ọ̀hún padà sínú ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá.